Góòlù Kẹjọ

Bọ́ọ̀lù kẹfà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú àwọ̀n, ariwo sì sọ ní pápá tó wà lọ́nà Ìjagun. Àṣà ẹgbẹ́ Mardiyah ni pé ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé ni yóò fúnra rẹ̀ sáré lọ mú un nínú àwọ̀n, kí àkókò má baà ṣòfò. Àṣà tó dára ni, àfi tí aṣọ́lé bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni.

Ràmọ́tà ló jókòó síbẹ̀, iyanrìn kún ojú rẹ̀. Òun àti Mardiyah jọ lọ ilé kéwú ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ayépé, tí wọ́n ń bá gbá lónìí, tó gba Ràmọ́tà síṣẹ́. Ràmọ́tà kì í ṣe aṣọ́lé rárá. Ẹsẹ̀ aṣọ́lé wọn ló rọ́, wọn kò sì ní ẹlòmíràn, ni wọ́n bá fi ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù ú lọ sí i lọ́wọ́.

Mardiyah tó gbá a wọlé wá mú bọ́ọ̀lù, kò lè wojú rẹ̀. Nígbà tí ìkarùn-ún wọlé, òun àti Hafeezah tí wọ́n jọ ń gbá iwájú ti jó níwájú ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ojú wá ń tì í.

Nígbà tí wọ́n ń mumi, ó sáré bá Kóòṣì Fáṣadé, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò tíì tó báyìí?"

"Ta ló sọ pé ó tó? Mẹ́jọ la nílò! Àmì wa àti tiwọn dọ́gba, iye góòlù ni wọ́n máa kà. Tó bá jẹ́ méje, ẹgbẹ́ tá a jọ ń du ipò ló máa gòkè sí líìgì àgbà, àwa á sì jókòó síbí di ọdún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ la wá ṣe o, a ò wá kí ara wa."

Òótọ́ ni. Síbẹ̀, nǹkan kan ń sọ fún Mardiyah pé ìwà ìkà ni. Èwo ni kó wá ṣe? Orí rẹ̀ dàrú pátápátá.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáà mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò pẹ́ tí ìkeje fi wọlé. Nígbà tó dé ibi àwọ̀n, Ràmọ́tà ti mú bọ́ọ̀lù náà, ó nà án sí i. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

"Gbà," ló wí. "Àkókò ń lọ."

Mardiyah rò pé ọ̀rẹ́ òun ń tọrọ àánú ni.

Ó ku díẹ̀ kí eré parí, Hafeezah gbá bọ́ọ̀lù sí i. Kò sí ẹnikẹ́ni láàárín òun àti Ràmọ́tà, tó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì la apá. Mardiyah wò ó, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà síta gbangba. Rẹfirí fọn fèrè ìparí.

Hafeezah bú sẹ́kún. Kóòṣì kò tiẹ̀ pariwo, ó kàn jókòó ó ń wo ilẹ̀. Mardiyah lọ bá Ràmọ́tà, ó ń retí pé yóò dì mọ́ òun.

"Kí lo ṣe yẹn fún?" Ràmọ́tà bi í.

"Mo ṣàánú ẹ ni."

"Ta ló bẹ̀ ẹ́? Méje yẹn, ẹ gbá a, ó wọlé, mo gbà. Ijó tẹ́ ẹ jó dùn mí, àmọ́ èyí tó o gbá síta yẹn ló dùn mí jù. Mo ti múra láti mú un! O ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbìyànjú."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mardiyah dúró bí ẹni tó sọnù. Ó ti ṣẹ ọ̀rẹ́, ó tún ti já ẹgbẹ́ rẹ̀ kulẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló yé e: kò sí ìwà ìkà nínú kéèyàn fi gbogbo agbára bá ẹlòmíràn díje. Kéèyàn fi ẹni tó ń fìdí rẹmi ṣẹ̀sín ni ìkà, kéèyàn sì kà á sí ẹni tí kò lè dá nǹkan kan ṣe, àbùkù nìyẹn náà.

Ó gbé bọ́ọ̀lù, ó sáré tẹ̀ lé e.

"Ràmọ́tà, padà wá wọ ìbọ̀wọ́ ẹ. Màá gbá a dáadáa lọ́tẹ̀ yìí."

"Kò lè wọ inú ìwé rẹfirí mọ́."

"Mo mọ̀. Ṣáà wá."

Ràmọ́tà wọ ìbọ̀wọ́, ó sì padà sẹ́nu àwọ̀n, ó la apá. Mardiyah fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá a.