Yàrá Tí Bushrah Kò Dé Rí

Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí gbọ́, kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi Mutmainah, tí mò ń ta aṣọ ní Sibang, àdúgbò kan ní Libreville, n kò ní parọ́ mọ́ ìyá tó bí mi.

Wọ́n ní kí kíláàsì Bushrah kọ àròkọ nípa ibi tí wọ́n mọ̀. Ọmọ mi kọ ti ilé ìyá mi ní Ìsẹ́yìn. Libreville ni mo bí i sí, kò dé Nàìjíríà rí. Tíṣà wọn, Monsieur Hilaire, fún un ní òdo. Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́: kí òbí fọwọ́ sí i pé irọ́ lọmọ náà pa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní ṣe ìdánwò. Ọkùnrin tí kò tíì tọ́ ọmọ rí fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi pe ọmọ mi lónírọ́.

"Fọwọ́ sí i jàre, ìyá Bushrah," ni Ashraf ọkọ mi wí. "Ìdánwò ló ṣe pàtàkì."

Mo ní kí n kọ́kọ́ ka àròkọ náà. Ó kọ ọ́ pé màmá àgbà kò sí nínú yàrá rẹ̀ mọ́. Yàrá iṣu ló ń sùn, lẹ́bàá ilé ewúrẹ́. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀, á di ojú, kí wọ́n lè rò pé ó ti sùn.

Mo tún un kà. Nínú fídíò tí Zulkifli àbúrò mi ń fi ránṣẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì ńlá ni ìyá wa máa ń wà.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, maman. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń rìn wọbẹ̀."

Mo pe Zulkifli. Ọ̀sán gangan ni.

"Gbé fóònù lọ sí yàrá iṣu."

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ kan ké, ó dákẹ́.

"Mutmainah." Ohùn ìyá mi ni. "Ṣé ìwọ lo rán ọmọ yìí sí mi?"

"Ọmọ wo, màmá?"

"Bushrah. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọ̀wé. Kò dá mi lóhùn."

Bushrah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó di ìró mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Inú bí mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wo fídíò, n kò rí nǹkan kan. Ọmọ tó fi àròkọ rìnrìn àjò ló rí ìyá mi. Mo pariwo mọ́ Zulkifli; kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dá màmá padà sí yàrá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Bushrah lọ bá tíṣà náà ní kíláàsì.

"N kò ní fọwọ́ sí i," ni mo wí.

"Madame, ṣé ọmọ yín ti débẹ̀ rí?"

"Rárá."

"Irọ́ ni nígbà náà."

"Irọ́ kọ́. Mo pe ilé, bó ṣe kọ ọ́ gan-an ló rí. Ẹ tún un kà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti bébà síwájú Bushrah. "Ó dáa. Kọ ilé ìyá tèmi, ní Akanda."

Ọmọ mi kọ ìlà mẹ́ta. Ìró kálámù nìkan là ń gbọ́. Monsieur Hilaire mú bébà náà, ó kà á. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó fi í sápò, ó mú fóònù, ó jáde.

"Allô, maman?" Mo gbọ́ ọ láti ìta. "Maman?"

Ó tún pè é. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi.

"Kí lo kọ?"

"Mi ò tíì kọ ọ́ tán, maman. Mi ò tíì jáde níbẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n mo fún un ní bébà mìíràn, mo sì jókòó tì í.

"Kọ ọ́ tán, kí o lè jáde níbẹ̀," ni mo wí. "Kò sẹ́ni tó máa gba kálámù lọ́wọ́ ẹ."