Poro Orí Ọpọlọ

Òǹkàwé, o ti fura tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin tó bá ń tún irun ṣe kó tó wọ yàrá òkú, ọ̀rọ̀ obìnrin ni yóò ká a mọ́ níbẹ̀.

Bí Tullio, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní ìlú Padova, ṣe rí Ornella, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀, nìyẹn. Ọmọbìnrin náà gbé ọpọlọ èèyàn sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ẹyin, ó ń fi ìka tọ àwọn ojú ìlà ara ọpọlọ náà.

"Sulcus nìyẹn," ni Tullio wí, bí ẹni pé òun ló dá èdè Látìn sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Poro ni ìtumọ̀ rẹ̀, bíi poro oko. Ìwúlò rẹ̀ ńkọ́?"

Ornella ò dúró gbọ́ èsì, ó dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Poro ló jẹ́ kí ọpọlọ ká jọ gba inú agbárí. Ó tún jẹ́ ààlà. Ti àárín yìí, iwájú rẹ̀ la fi ń na ọwọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ẹnìkan dì í mú."

Tullio na ọwọ́. "Jẹ́ ká dán an wò."

"Kọ́kọ́ lọ fọ̀ ọ́, ó ń rùn!"

Kí òtútù tó dé, wọn ò lè ya ara wọn mọ́. Ṣùgbọ́n Bepi, bàbá Ornella tó ń gbin àjàrà, fárígá. "Ẹni tí kò lè sọ pé òun ò mọ̀, n kò ní fi ọmọ mi fún un."

"Bàbá, ẹ wá wò mí níbi ìdánwò!" ni Tullio fi ṣe fọ́ńté. Ìdánwò àfẹnuṣe ni. Ẹni tó bá wù lè wọlé jókòó.

Ọjọ́ pé. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọpọlọ kan fún un, ó nàka sí ìlà gígùn kan. Tullio da Látìn sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó gbé awò rẹ̀ sí iwájú orí dípò ojú, kígbe: "Ọgbọ̀n!" Kò sí máàkì tó jù ú lọ. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́, àfi Ornella.

Tullio tún un wò. Poro a máa wọ́. Èyí gún ṣánṣán. Inú poro a máa rí bí eérú. Inú èyí funfun. Ọ̀bẹ ló là á! Bó bá sọ ọ́, bàbá Ornella tó wà ní ìjókòó yóò gbọ́ pé ó ṣìṣe. Bó bá dákẹ́, Ornella kúkú ti mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, n kò gba máàkì yìí. Ojú ibi tí ọ̀bẹ là ni mo fún lórúkọ poro."

Ẹ̀rín bú gbàù. Ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, Bepi nìkan dìde, ó ń pàtẹ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tullio kúnlẹ̀ fún Ornella lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oúnjẹ ilé Bepi, ó ní kó fẹ́ òun.

"Màá fẹ́ ẹ, olólùfẹ́ mi," ni Ornella wí, "ìwọ tó ń sọ ọ̀bẹ lórúkọ."

Tullio gbé ife wáìnì sókè, ó ń ròyìn bí òtítọ́ òun ṣe yọ́ ọkàn òkúta Bepi.

"Òtítọ́ wo?" ni Bepi béèrè, tẹran-tẹran lẹ́nu. "Àná la ti pa ẹlẹ́dẹ̀ ìgbéyàwó."