Ọ̀dà Abẹ́ Ìdè

Ẹsẹ̀ méjì ni obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe kọ́kọ́ rí, àti àpótí dúdú ńlá kan lókè wọn. Kò rí orí ẹni tó gbé e. Àpótí náà fẹ̀gbẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó fi igun gbá ilẹ̀kùn, ohùn kan sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n sọ̀ ọ́ sí kó tó pa mí?"

Obìnrin náà ò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó bá a gbá apá kejì mú, ojú wọn sì ṣe mẹ́rin lórí àpótí. Òógùn ti bo ọ̀dọ́kùnrin náà, síbẹ̀ ẹ̀rín wà lẹ́nu ẹ̀.

"Ańpù tó ń gbé ohùn gìtá báàsì mi sókè ni. Ó kàn dákẹ́ lójijì."

"Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, Alápòótí."

"Ó dáa, Ọ̀gá mi."

Bàbá obìnrin náà jókòó sídìí fèrèsé. Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó ti fi irinṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́, àmọ́ kò tíì gbé ojú kúrò lára ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ní, "Olórin." Kò sí ìyìn kankan nínú ẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni bàbá yìí ní: ẹ̀rọ kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé wọ́n fi etí sí i kẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀yà tó jóná nínú ańpù náà, ó dán an wò, ó dùn dáadáa. Ìgbà tó fẹ́ dé e pa ló rí i pé pánù irin tó wà nínú ẹ̀ ti dógùn-ún. Ẹ̀rín ọjọ́sí sọ sí i lọ́kàn. Ló bá tú àwọn wáyà tí wọ́n dè mọ́ ọn, ó mú sáńpépà, ó họ ìdógùn-ún kúrò, ó sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run kun ibi tí oníbàárà kankan ò ní wò láéláé. Nígbà tó gbẹ, ó de àwọn wáyà padà, ó sì dé àpótí náà pa. Ó ṣáà ti dán an wò tẹ́lẹ̀, kò tún fi etí sí i mọ́.

Alápòótí gbé e lọ lọ́jọ́ Ẹtì, àmọ́ kò pẹ́ tó fi gbé e padà dé. "Ó ń sọ̀rọ̀ o, Ọ̀gá mi, àmọ́ ó ń ráhùn pẹ̀lú."

Lóòótọ́, bí wọ́n ṣe tan iná sí i ló ń dún húùn, bí ẹni tí inú ń bí. Wọ́n yọ gìtá kúrò, ariwo ò lọ. Wọ́n yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá, ariwo ò lọ. Wọ́n pààrọ̀ wáyà, wọ́n gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì míì, wọ́n pa fáànù, pàbó ló já sí. Alápòótí ń bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ lójoojúmọ́, ó ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún obìnrin náà, ó ń fi ariwo náà ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀gá mi, ṣé ẹ ò ní bẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ìwọ ni kó o bẹ̀ ẹ́. Ìwọ lò ń fi gìtá dà á láàmú."

Ká má purọ́, kò sí èyí tí inú ẹ̀ bàjẹ́ sí ariwo náà nínú àwọn méjèèjì. Ìfẹ́ ti wọlé, ó ti gba àga.

Bàbá ló sú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dìde nídìí fèrèsé. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iṣẹ́ ọmọ mi kì í padà. Ìwọ lò ń tú ẹ̀rọ yìí nílé kó o lè ráyè wá jókòó tì í. Gbé e kúrò níbí, má sì padà wá mọ́."

Ojú ọ̀dọ́kùnrin náà yí padà. "Bàbá, mo fẹ́ràn àtimáa wá, ìyẹn ò pa mọ́. Àmọ́ mi ò fọwọ́ kan inú ẹ̀ rí." Ó jáde lọ wá ọkọ̀ tó máa gbé ẹrù rẹ̀.

Obìnrin náà tú àpótí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń tọ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ìdè kékeré tó so wáyà ilẹ̀ mọ́ pánù. Ó tú ìdè náà. Ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run ń dán lábẹ́ ẹ̀. Wáyà yẹn, irin tí kò ní ọ̀dà ló yẹ kó kàn kó tó lè pa ariwo. Ọ̀dà ti dí i.

Ó lè họ ọ́ ní kọ́lọ́fín, kí ariwo tán, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Àmọ́ Alápòótí á ru orúkọ òpùrọ́ lọ, kò sì ní padà wá mọ́. Bó bá sì sọ ọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni bàbá máa bi í, ìbéèrè yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù.

Ọkọ̀ fun fèrè níta. Alápòótí wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé ẹrù rẹ̀.

"Dúró," ni obìnrin náà wí. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Kò mọwọ́mẹsẹ̀. Èmi ni mo kun ọ̀dà dí ojú ìdè, mi ò sì dán an wò kẹ́yìn."

Bàbá wo inú àpótí. "Ta ló fẹ́ wo inú ańpù tó o fi ń kùn ún lọ́dà?"

"Mo fẹ́ kó rẹwà ni."

"Fún ta?"

Ó wo ilẹ̀. "Fún ẹni tó ni ín."

Ọwọ́ Alápòótí kúrò lára àpótí. Bàbá na sáńpépà sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Họ ọ́." Ó họ ọ́ títí irin fi hàn, ó dè é padà, ó tan iná sí i. Wọ́n yí ohùn rẹ̀ lọ sókè pátápátá, wọn ò gbọ́ nǹkan kan àfi fèrè onímọ́tò tó ń kánjú níta.

"Má bínú, ọmọ mi," ni bàbá wí fún Alápòótí. "Mo fi ẹ̀sùn tí kì í ṣe tìẹ kàn ẹ́." Ó padà sórí àga rẹ̀, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Rédíò kan ṣoṣo ni èmi náà kun inú ẹ̀ rí. Ó wà lórí tábìlì ìyá ẹ nílé."

Ọmọ rẹ̀ gbójú sókè, ẹ̀rín ti wà lójú bàbá.

"Ọ̀gá mi," ni Alápòótí wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "ṣé mo lè máa wá, nígbà tí nǹkan kan ò bàjẹ́?"

"Máa bọ̀," ni obìnrin náà dáhùn. "Fi àpótí sílẹ̀ nílé."

Àpótí náà tún jáde lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ọkọ fi gìtá kọrin fún ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, bàbá dìde níwájú èrò, ó tẹ̀ ba, ó fi etí sí ańpù náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo ti dán an wò," ni ó wí. "Ẹ lè máa lọ sílé."