Ará Òkè Nínú Ọkọ̀ Tabitha

Ọkọ̀ kan ń yí po lójú omi Abereke láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin kan sì jókòó sínú rẹ̀, ó fi orúnkún gbá kúlà funfun mọ́ra, ó ń fi àjẹ̀ lu omi bí ẹni tí omi ṣẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti rin gbingbin. Tabitha, tó dúró pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lórí afárá pákó ẹ̀yìnkùlé wọn, rẹ́rìn-ín títí agbọ̀n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sódò. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ọkùnrin náà kò dáwọ́ dúró, tó sì di kúlà yẹn mú bí ọmọ tuntun, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó wọ ọkọ̀ tirẹ̀, ó lọ bá a.

"Ará òkè, ẹ kú iṣẹ́ o! Kí lodò ṣe fún yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ló wà nínú kúlà yìí. Bí yìnyín bá fi yọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ajíbóyè lorúkọ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìṣẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ìjọba gbé e dé. Lọ́dún náà, abẹ́ òkun Ìlàjẹ ni wọ́n ti ń fa epo rọ̀bì, síbẹ̀ Ìlàjẹ kò rí bẹntiróòlù rà, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ilé ìwòsàn sì ti dákẹ́ síbi tí wọ́n so ó mọ́. Abúlé márùn-ún ló yẹ kó dé lọ́sẹ̀. Kò tíì kọjá ìkejì rí.

Kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Nínú ìdíje ọkọ̀ wíwà láti Etikan wá sí Abereke, tó máa ń gba odidi ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni Tabitha ọmọ Olówòkéré ti ṣe ipò kìíní, lójú àwọn ọkùnrin tí apá wọn ki.

Ó gbé e sí iwájú ọkọ̀ rẹ̀, òun jókòó sẹ́yìn láti máa darí.

"Ẹ̀ ń wa ọkọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Abúlé karùn-ún lẹ̀ ń wò látibí. Ẹ yé wò ó. Ẹ wo igi ẹ̀gbà iwájú yẹn, ká kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ẹ mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ pààrọ̀ ọwọ́ kí apá tó ro yín."

Wọ́n dé abúlé márààrún lọ́jọ́ náà, yìnyín kò sì tíì yọ́ tán.

Ajíbóyè gbé ẹ̀kọ́ náà wọ ilé ìwòsàn. Tẹ́lẹ̀, yóò dá ogójì aláìsàn lóhùn láìsinmi, tó bá di ọ̀sán, á máa jágbe mọ́ àwọn ìyálọ́mọ. Ní báyìí, bó bá ti rí mẹ́wàá, á jókòó, á mu omi, á jẹ búrẹ́dì díẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Àwọn ìyá tó ti ń sá fún un bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, Tabitha sì ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn, inú rẹ̀ ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ" di "o" láàárín wọn kí wọ́n tó mọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀: ẹni iwájú kì í bojú wẹ̀yìn. Ajíbóyè pa á mọ́ fún oṣù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bọ̀ láti abúlé karùn-ún, ó yí padà bìrí.

"Tabitha, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ!"

Ọkọ̀ dojú dé. Tabitha gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú nínú omi, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè mí.

"Mo gbọ́, olówó orí mi! Wọ́n gbọ́ ọ dé Awoye!"

Olówòkéré kò kórìíra ọmọkùnrin náà. Ẹ̀rù ló ń bà á.

"Tíṣà mẹ́ta, nọ́ọ̀sì méjì ni mo ti fi ọkọ̀ mi gbé jáde níbí," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Gbogbo wọn ló ní àwọn ń padà bọ̀. N kò fẹ́ kí ọmọ mi di ẹni tí ń wo ọ̀nà."

"Bàbá, tèmi yàtọ̀."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Tabitha bá lẹ́tà ìjọba kan lórí tábìlì ilé ìwòsàn. Lẹ́tà náà ní wọ́n ti gbé Ajíbóyè lọ sí Àkúrẹ́, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe béèrè.

"Ìwọ lo béèrè fún un?"

"Èmi ni. Kí n tó mọ̀ ọ́ ni."

"Oṣù mẹ́rin, o ò sì sọ fún mi?"

Tabitha bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò rí nọ́ọ̀sì, wọn kò sì rí ọkọ̀ kékeré tó máa ń wà.

Olówòkéré kò sọ pé "mo sọ fún ọ." Ó kàn bu oúnjẹ síwájú ọmọ rẹ̀, ọmọ náà kò sì jẹ ẹ́. Tabitha sunkún. Ó mọ irú ibi báyìí nínú ìdíje, ibi tí a kò ti rí Etikan lẹ́yìn, tí a kò sì tíì rí ilé níwájú. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń yí padà. Ó dìde, ó yan ẹja ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, ó tún yan ti ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún ni Ajíbóyè gúnlẹ̀ sí afárá wọn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Olówòkéré lórí pákó.

"Ọ́fíìsì ìjọba ní Igbókọ̀dá ni mo lọ, sà. Mo dá ìwé náà padà. Wọ́n ní bí n kò bá lọ sí Àkúrẹ́, n kò ní rí ìgbéga fún ọdún mẹ́ta, kí n dúró síbí. Mo tọwọ́ bọ̀wé."

"Ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Ìjọba ló kọ mẹ́ta, sà. Bẹ́ ẹ bá fún mi ní Tabitha, n kò ní kọ iye ọdún sí tèmi."

Bàbá náà wo àtẹ́lẹwọ́ yẹn, ó fà á dìde.

"Ránṣẹ́ sáwọn èèyàn rẹ ní Ìṣẹ́yìn. Kí wọ́n wá tọrọ rẹ̀. Kí wọ́n má wọ bàtà olówó ńlá wá o."

Tabitha kò tíì rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi kí o tó lọ?"

"Ẹ̀rù bà mí pé wàá tẹ̀ lé mi, wàá sì wa ọkọ̀ náà fún mi. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi dúró tì ọ́."

Omi lé ròrò sójú Tabitha. Ó gba ọwọ́ méjèèjì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdín pa wọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bí o bá tún lọ láìsọ fún mi, màá lé ọ. O sì mọ̀ pé màá bá ọ."

Ajíbóyè ní òun mọ̀.