Ìròyìn Láti Inú Ẹ̀rọ Ìsàba

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, ìtàn kan wà lẹ́nu mi. Ìtàn ìfẹ́ ni, àmọ́ ìfẹ́ tó kọ́kọ́ sú àwọn tó ń ṣe é.

Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin ọlọ́sìn adìẹ kọ́kọ́ rí Oníwáyà, ọkùnrin tí wọ́n pè wá tún ẹ̀rọ ṣe, ẹsẹ̀ méjì péré ló rí. Orí àti èjìká ọkùnrin náà wà nínú ẹ̀rọ tí bàbá ọmọbìnrin náà fi ń sàba lé ẹyin. Ó kí i, kò dáhùn. Wáyà ló há sẹ́nu. Inú bí ọmọbìnrin náà. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: nígbà tí ọkùnrin náà yọrí jáde pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ lórí, tó rẹ́rìn-ín, ó rí i pé ó lẹ́wà.

Iṣẹ́ ló bá wá. Wákàtí wákàtí ni ọmọbìnrin náà ń sáré láti ọ́fíìsì lọ wo ooru inú ẹ̀rọ. Oníwáyà wá fi ọpọlọ ẹ̀rọ kékeré kan síbẹ̀, tí kò ju èékánná lọ. Fúnra rẹ̀ ni yóò máa wọn ooru, tí yóò máa fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ gba ojú wáyà kan sórí kọ̀ǹpútà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí èèrà tó tò lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í.

Kí oṣù tó pé, wọ́n ti ń fẹ́ra. Bàbá ní kò burú, ṣùgbọ́n bí ìròyìn ooru kò bá dé geere kó tó di ọjọ́ Ẹtì tí ẹyin tuntun ń wọlé, kí Oníwáyà wá ìyàwó lọ síbòmíràn.

Lọ́jọ́ Ajé, wúruwùru ló dé sórí kọ̀ǹpútà, kò jọ nọ́ńbà, kò jọ ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Oníwáyà tú u, ó tún un tò. Ọmọbìnrin náà bi í bóyá orí rẹ̀ ló wúwo àbí ọwọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú ni ọmọbìnrin náà tó rántí. Òun fúnra rẹ̀ ló ti fi kún ìyára tí kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́rọ̀, torí ó ní nǹkan náà ń falẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń sọ àti ẹni tó ń gbọ́ kò bá rìn ní ìyára kan náà, ariwo lásán ni. Ojú tì í. Ó rọra dín in kù.

Wúruwùru náà ṣì ń dé.

Ó bá wọ yàrá ẹ̀rọ, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ìyára wo lo fi sí i báyìí?"

"Tìẹ ni," Oníwáyà ní, ó wolẹ̀. "Mo mọ̀ láti àná pé o fi kún un. Mi ò fẹ́ kí Bàbá bá ẹ wí, ni mo ṣe gbé tèmi sókè láàárọ̀ yìí."

"Láàárọ̀ yìí kan náà ni mo gbé tèmi wálẹ̀." Ó jókòó pọ̀ọ̀ sórí páálí. "Ọkọ mi lọ́la, ṣé ẹnu ń dùn ẹ́ ni?"

"Ìwọ náà ò sọ fún mi."

Wọ́n jọ mú ìyára kan náà. Kíá, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ̀: mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀, mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀. Bàbá wọlé, ó wò ó, ó bèèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ọmọbìnrin ní òun ni. Oníwáyà ní rárá o, òun ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí i.

Bàbá mí kanlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ra yín kí n sinmi. Àmọ́ láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣoore fún ẹnìkejì láìsọ fún un."

Bàbá náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, ó sì tún mí kanlẹ̀ nígbà tó sọ ọ́ tán.