Káàdì Ogójì

"Ó-ku-kan, ṣé ogójì ti dé?"

Bí ọmọkùnrin tó ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì ṣe máa ń kí ọmọbìnrin kan tó ń kó káàdì jọ láràárọ̀ nìyẹn, gbogbo kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín. Ọgọ́ta ni káàdì agbábọ́ọ̀lù ọdún náà. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta ti wà nínú ìwé alápò ọ̀rá tó ń tò wọ́n sí. Aṣọ́lé nìkan ló kù, nọ́ńbà ogójì, bó bá sì ti ṣí ìwé náà, àyè rẹ̀ tó ṣófo nìkan lojú rẹ̀ ń rí.

Bàbá rẹ̀ ló ń gé ìwé nílé ìtẹ̀wé tí wọ́n ti ń tẹ káàdì wọ̀nyí.

"Bàbá mi, ẹyọ kan péré."

"Èyí tó bá bàjẹ́, iná la fi ń sun ún. Èmi ni mò ń fọwọ́ sí i pé ó jóná. Má bi mí mọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ rán an pé kó gbé oúnjẹ lọ fún bàbá níbi iṣẹ́. Bí bàbá ṣe lọ fọwọ́, ọmọbìnrin náà rí aṣọ́lé náà lókè pátápátá nínú apẹ̀rẹ̀ káàdì tó bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Wọn ò tíì tẹ nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀. "Wọ́n á kúkú sun ún," ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì tì í bọ abẹ́ aṣọ. Ọwọ́ tó fẹ́ jalè kì í wá àwíjàre tì.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú un lọ sílé ìwé, kíláàsì sì pé lé e lórí. Ọmọkùnrin ẹ̀yìn kíláàsì yọ káàdì náà, ó yí i padà.

"Háà! Ẹ̀yìn ẹ̀ ṣófo báyìí? Àbí aṣọ́lé tìẹ ò gbá bọ́ọ̀lù rí ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọkùnrin náà ya fọ́tò káàdì náà, ó fi ránṣẹ́ sáwọn tó ń kó káàdì jọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò náà ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé.

Bàbá fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ àti káàdì lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ọmọ mi ló mú un. Mi ò mọ̀."

"Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ sí i pé ogún káàdì ló jóná."

"Ogún ni mo kà sínú apẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ò tún un kà kẹ́ ẹ tó sun ún?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ tún kà, ọ̀gá? Ọmọ mi nìkan ló wọlé."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni kẹ́ ẹ fìyà jẹ."

"Ìwọ kọ́ ni mo gbà síṣẹ́," ni ọ̀gá dáhùn.

Ọdún mẹ́tàdínlógún tí bàbá ti ń ṣiṣẹ́ parí síbẹ̀. Kò na ọmọ rẹ̀, kò bú u. Ì bá tiẹ̀ sàn kó nà án. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá jókòó sí pálọ̀, aago ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá mi."

"Káàárọ̀."

Bí ọmọ ṣe jókòó tì í, bàbá na ọwọ́ mú aago náà, ó sì fi í sápò.

Ọ̀kánjúà pẹ̀lú olè, déédé ni wọ́n jẹ́. Bàbá lè ríṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ba ìgbẹ́kẹ̀lé òbí jẹ́, yóò pẹ́ kó tó rí i kó jọ padà.