Ẹni Tó Ṣí Fáìlì Ọmọ Kẹtàdínlógún

Láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá Ilé ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó ń wá íńtánẹ́ẹ̀tì tí yóò fi ránṣẹ́ sí dókítà, ni orúkọ Wáífáì kan bá yọ lójú fóònù rẹ̀: ÌYÁ ỌMỌ KẸTÀDÍNLÓGÚN. Ó dúró gbagidi. Ó pẹ́ tó ti ń ṣe olórí ilé yìí, níbi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tí ìyá wọn ò rọ́nà àtitọ́ wọn. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ rí fáìlì wọn àfi òun àti akọ̀wé. Ó fọwọ́ tẹ orúkọ náà. Fáìlì ọmọ kan ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ti dé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹni àádọ́ta ọdún. Fimú-fínlẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, wọ́n sì rò pé kò mọ̀.

Yàrá fáìlì ò ju kí ènìyàn na ọwọ́ méjèèjì kó kan ògiri lọ. Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan tó ti gbó, kọ́bọ́ọ̀dù onírin mẹ́rin. Wọn kì í so kọ̀ǹpútà náà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tilẹ̀ ti fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú ihò rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi nǹkan kó fáìlì jáde.

"Ọkùnrin yìí ni," Màmá Ilé ní, ó nàka sí ẹni tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè. "Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló wá pààrọ̀ fáànù inú ẹ̀. Ta ló tún mọ inú ẹ̀ tó o?"

Ọkùnrin náà ti lé lógójì ọdún, gíláàsì ojú rẹ̀ ń yọ́ bọ̀ nímú. Kò bínú. Ó yọ wáyà iná, ó fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí iná ara rẹ̀ má baà ba nǹkan jẹ́, ó sì tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Káàdì Wáífáì nìyí, mà. Ẹni tó fi í síbí yọ irin pẹlẹbẹ tó dí ojú àyè ẹ̀yìn yìí, ó ti káàdì wọlé títí tó fi jókòó, ó fi sùkúrù kan dè é, ó wá fi ọ̀pá éríà méjì yìí sí i lẹ́yìn. Láti ìgbà yẹn ni kọ̀ǹpútà ti lè máa bá fóònù sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin?"

"Ẹ wo orí sùkúrù yìí, mà. Ojú rẹ̀ ti bó káàkiri. Ọwọ́ ẹni tó dè é ń gbọ̀n, sùkúrùdíráfà ń yọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ báyìí ni mò ń ṣiṣẹ́, ebi ì bá ti pa mí kú."

"Irin pẹlẹbẹ tó yọ ńkọ́?"

"Àwa máa ń sọ ọ́ nù ni."

Fimú-fínlẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó wo inú agbọ̀n ìdọ̀tí. Kò rí irin kankan.

Ó wá kọjú sí akọ̀wé, bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Fáìlì. Ó ti de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọrùn. Bàbá yìí kì í sọ nǹkan nù. Kódà, bírò tó ti gbẹ wà nínú àpò ìwé, ọjọ́ tó gbẹ wà lára àpò náà.

"Bàbá, ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?"

"Èmi àti Màmá."

"Ta ló mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà?"

"Àwa náà ni. Mo búra nígbà tí mo gba iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ inú fáìlì kan ò tẹnu mi jáde rí, ìwé kan ò sì tọwọ́ mi jáde rí. Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí bàbá fẹ́ buwọ́ lù ú, ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú kí bírò tó dúró.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gbé fóònù dání, ó ń rìn káàkiri. Agbára Wáífáì náà ń rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kú ní ilé ìdáná. Yàrá tó fara ti ògiri yàrá fáìlì nìkan ló ti le dáadáa. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó.

"Aránṣọ wa ò wá láti ìrọ̀lẹ́ àná," Màmá Ilé ní. "Ọdún mọ́kànlá rèé, kò pa iṣẹ́ jẹ rí."

"Àwọn fáìlì yìí, Màmá, ẹ ó ha máa tọ́jú wọn títí láé ni?"

"Rárá o. Ìgbìmọ̀ ti ní ká pa gbogbo èyí tó ti lé lógún ọdún rẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì."

Òpópónà méjì péré ló wà láàárín ibẹ̀ àti ilé aránṣọ. Ìlẹ̀kùn ò tì. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ojú rẹ̀ ti wú. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin mọ́kànlá tò lórí ibùsùn náà, láti kékeré dé ńlá.

"Ẹ wọlé, ọlọ́pàá. Mo mọ̀ pé ẹ ó wá."

"Ẹ̀yin ni ìyá ọmọ náà?"

"Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, baba rẹ̀ ti na pápá bora. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà kan lọ́jọ́ tí mo gbé e sílẹ̀, ọdún mẹ́rìnlélógún rèé. Nígbà tí ara mi rọ̀, mo wá ríṣẹ́ síbẹ̀. Mo ní ọjọ́ kan, ẹnìkan á ṣèèṣì sọ ibi tí wọ́n mú un lọ." Ó fọwọ́ kan àwọn ṣẹ́ẹ̀tì náà. "Ọdọọdún ni mò ń rán ọ̀kan, mò ń fojú dá ìwọ̀n rẹ̀. Mo fún èyí tó kẹ́yìn láyè léjìká. Mo ní ó ti di géńdé."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Lánàá ni nọ́ńbà mi yọ lójú fóònù. Inú mi dùn débi pé abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé òun ló ń wá mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́rin, ibà ọjọ́ mẹ́ta ló pa á. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn."

"Ta lẹ rò pé ó ṣe é?"

"Ẹ bá mi wá a. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ọpẹ́ ni màá dú tàbí èpè ni màá ṣẹ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, gbogbo wọn pé sí yàrá fáìlì. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ jókòó. Fimú-fínlẹ̀ rọra sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi mú irin pẹlẹbẹ yẹn."

Bàbá Fáìlì dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kẹta, ó mú àpò ìwé kan tí wọ́n fi òwú dè jáde. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ni ọjọ́ tó wà lára rẹ̀.

"Mi ò lè sọ ọ́ nù," ló wí.

"Mo mọ̀. Olè ì bá kó gbogbo fáìlì lọ, ẹni yìí ṣí ẹyọ kan. Ó sì mọ̀ pé ìyá ọmọ náà ń jókòó lẹ́yìn ògiri yìí. Orúkọ tirẹ̀ ò sí nínú fáìlì, nọ́ńbà nìkan ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i lọ́jọ́ tó gbé ọmọ sílẹ̀ ni. Màmá, ṣé ẹ ti wà níbí nígbà yẹn?"

"Rárá. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni mo dé."

"Mo tún ro ọ̀rọ̀ ìbúra yín, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà ni mo béèrè, ẹ̀yin ń sọ ti ẹnu àti ọwọ́. Lóòótọ́, ẹnu yín ò sọ ọ́, ọwọ́ yín ò gbé e jáde. Ẹ wá fi káàdì yìí síbẹ̀ kí òun alára lè nawọ́ mú un."

Bàbá jókòó wọ̀ọ̀. "Ọwọ́ mi ni mo fi gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dá a mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá síṣẹ́. Ó bi mí pé, 'Bàbá, ṣé ara àwọn ọmọ tó ti lọ le?' Mo ní ara wọn le. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ rẹ̀ ti kú ná. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Wọ́n wá ní ká pa fáìlì rẹ́. Mo ní bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, obìnrin yìí á máa dúró títí yóò fi kú."

"Ọdún mọ́kànlá, Bàbá!" Ohùn aránṣọ ya. "Ẹ̀ ń kí mi káàárọ̀!"

Ó wọlé, ó wá dúró síwájú bàbá.

"Níbo lẹ sin ín sí?"

"Ní ìtẹ́ òkú ìlú. Èmi ni mo gbé e lọ."

Òfin ò fàyè gbà á kí wọ́n máa gbé ẹni tí wọ́n mú gba ibòmíràn kí wọ́n tó mú un dé àgọ́ ọlọ́pàá. Fimú-fínlẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ dé oríta, ọ̀nà ìtẹ́ òkú ló yà sí, bàbá níwájú, aránṣọ lẹ́yìn.

Koríko ti bo ibẹ̀. Bàbá Fáìlì ń ka ìlà, ó pàdánù rẹ̀, ó tún padà lọ bẹ̀rẹ̀ látòkè. Níkẹyìn ó dúró síwájú òkìtì kékeré méjì, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ̀kan nínú méjì yìí ni. Kò sẹ́ni tó kọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ìyá. Èmi náà ò kọ ọ́ sílẹ̀."

Obìnrin náà bọ́ bàtà rẹ̀. Ó jókòó sáàárín òkìtì méjèèjì, ó na ọwọ́ kan sí èyí, ó na èkejì sí ìkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀.